Ọwọ́ Mi Nínú Sinimá

Òsí,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Adépéjú ọmọ ọmọ mi,

Àwẹ̀ró, mo kí ọ. Mo kí Dámiláre ọkọ rẹ, mo sì kí Bólúwatifẹ́ ọmọ yín tí mi ò tíì fojú kàn. Kí n tó sọ ohun tó ń dùn mí, jẹ́ kí n sọ ohun tó dára. Princess ọmọ àbúrò ìyá rẹ bí ìbejì ní Ìlọ́fà, obìnrin ni méjèèjì. Ìyàwó Prosper ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà bí ọkùnrin, ọmọ náà sì tóbi débi pé aṣọ tí wọ́n rà sílẹ̀ kò gbà á. Ahmad ọmọ Badirat gbé Amirat níyàwó ní Ìlọrin ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo lọ, mo jẹun, mo jó. Ẹni tó kù tí a ń retí ni Wisdom ẹ̀gbọ́n wọn, tó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógójì, tó ní òun ṣì ń ronú.

Ọwọ́ mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, kò sí ẹni tó bá mi tún un ṣe. Ọdún kejì mi rè é ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí Fikáyọ̀ ń kọ́ wa lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Badirat tó ń ta ata gígbẹ, tí a jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ni yóò fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ọ. Má pè mí láti dá mi lóhùn o. Kọ ọ́. Ogójì ọdún ni àwọn ènìyàn fi ń bá mi ka lẹ́tà, tí wọ́n ń fo ibi tí kò wù wọ́n. Bàbá rẹ àgbà gan-an fo ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní kó ra aṣọ fún mi. Ọjọ́ tí mo kọ́ ìwé kíkà tán ni mo lọ wá lẹ́tà náà jáde nínú àpótí.

Ó yá, gbọ́ ohun tó ń dùn mí. Badirat fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù. Ìwọ ni, pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ rẹ, ẹ jókòó sórí àga pupa nínú sinimá, ẹ gbé ike gúgúrú tó tó garawa dání. Nígbà tí Dámiláre pe Badirat láti kí i kú oríire ìgbéyàwó, mo gba fóònù, mo bi í pé èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín. Kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun purọ́. Ó ní pọ́n-ùn mọ́kànlélógójì. Badirat ṣẹ́ ẹ sí náírà fún mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún. Mo ní kó tún un ṣẹ́. Ó tún un ṣẹ́, kò yí padà.

Àwẹ̀ró, owó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò èlùbọ́ kan. Ìwọ yìí kan náà lo ní kí wọ́n sọ fún mi ní Kérésìmesì pé owó ọkọ̀ òfuurufú ò sí, pé o ò lè wálé. Ọdún kẹfà rè é. Ṣé inú òkùnkùn yẹn ni owó tó yẹ kó gbé ọ wálé ń wọ̀? Kí ló wà níbẹ̀ tí o kò lè rí lórí tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ rẹ?

Tètè dá mi lóhùn.

Èmi ìyá ìyá rẹ,
Fẹlíṣíà Ilésanmí.


Leeds,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Màmá mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ewu ọmọ Princess, ẹ kú ewu ọmọ Prosper, ẹ sì bá mi kí ìyá Ahmad kú ìnáwó. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín dára ju tèmi lọ. Dámiláre tẹ lẹ́tà náà jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dùn mọ́ ọn nínú.

Ẹ má bínú pé èsì mi pẹ́. Ìgbà mẹ́rin ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo fà á ya, torí pé inú ń bí mi.

Màmá, ẹ mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Lẹ́nu iṣẹ́, aago ni wọ́n ń tẹ̀ pè mí. Bí mo bá dé ilé, Bólúwatifẹ́ pè mí, Dámiláre pè mí, fóònù pè mí. Láti ọdún mẹ́fà, ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó fún wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni ò pè mí. Kò sì tán síbẹ̀. Sinimá Yorùbá ni. Ẹ mọ̀ pé èdè òyìnbó nìkan ni Bólúwatifẹ́ fi ń dá mi lóhùn, bí mo bẹ̀ ẹ́, bí mo lù ú. Lọ́jọ́ náà, ó gbọ́ Yorùbá tó ń dún láti ara ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo yàrá ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, òun nìkan ni kò mọ ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ó fà mí láṣọ. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló sọ?" Yorùbá ló fi bi mí, Màmá. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fún mi ní pọ́n-ùn mọ́kànlélógójì kí n dá ìbéèrè yẹn padà, mi ò ní í gbà á.

Ní ti wíwálé, owó ọkọ̀ àwa mẹ́ta lé ní ẹgbẹ̀rún méjì pọ́n-ùn. Kì í ṣe gúgúrú ló jẹ ẹ́.

Tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ kì í ṣe ohun kan náà rárá. Ẹ dárí jì mí, Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ò tíì wọ sinimá rí láyé yín, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kò tó owó rẹ̀?

Ọmọ yín,
Adépéjú.


Òsí,
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Adépéjú,

Mi ò pe oríkì rẹ, o sì mọ ìdí rẹ̀. Ara mi le.

O ní mi ò mọ nǹkan kan nípa sinimá. Ó dára. Fi ara balẹ̀ kí o gbọ́ ohun tí mi ò sọ fún ọ.

Nígbà ọyẹ́ ọdún tó kọjá, àwọn tó ń ya sinimá wá láti Èkó sí agboolé wa. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe èlùbọ́. Òṣèré tí wọ́n mú wá kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ, wọ́n da pówúdà sí i lórí kó lè dà bí ìyá àgbà. Ó di ọ̀bẹ mú bí ẹni tó fẹ́ fi kọ lẹ́tà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó iṣu, ìdajì iṣu ń bá èèpo lọ. Mo wò ó títí, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, fi í sílẹ̀. Iṣu yẹn ò ṣẹ̀ ọ́." Mo gba ọ̀bẹ. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó dé fìlà, pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má dá mi dúró. Ó ní, "Ojú tirẹ̀ la máa lò, ọwọ́ Màmá la máa lò." Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi bó iṣu, tí mo bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, tí mo sá a sórí àpáta, tí ẹ̀rọ wọn ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi káàkiri bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ọ̀gá náà gbé ìwé wá kí n tẹ̀ka. Mo ní kó fún mi ní bírò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo kọ orúkọ mi fún ẹni tí kì í ṣe tísà mi. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Màmá, a ó kọ orúkọ yìí sí ìparí sinimá, gbogbo ayé yóò kà á."

Àṣìṣe mi ni pé mo sọ ọ́ ní kíláàsì. Ògúnjìnmí alágbẹ̀dẹ wà lẹ́yìn wa, ẹni tí kò tíì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ láìyọ ahọ́n jáde. Ó ní, "Fẹlíṣíà, wọ́n ti gé ọwọ́ ẹ dànù ní Èkó. Orúkọ òṣèré ni wọ́n ń kọ. Ta ló ń kọ orúkọ ẹni tó bó iṣu?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Badirat gan-an rẹ́rìn-ín, kó tó wá bẹ̀ mí nílé. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá kàn mí láti kàwé sókè, Ògúnjìnmí á ní, "Ẹ dákẹ́ o, òṣèré wa fẹ́ kà." Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Ìdí tí mi ò fi sọ fún ọ nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún máa fi mí rẹ́rìn-ín ní òkè òkun.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Fikáyọ̀ wá sọ fún wa pé sinimá náà ń bọ̀ ní Ìlọrin. Láti ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀ títí di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ó tán. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni tíkẹ́ẹ̀tì. Owó ọkọ̀ lílọ jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún, bíbọ̀ náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí n fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ wo bóyá ọwọ́ mi wà níbẹ̀? Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Mo ti fi owó ara mi ra ìtìjú nìyẹn.

Mi ò lọ. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé ẹni tí kò wọ sinimá rí ti ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kan.

Fẹlíṣíà Ilésanmí.


Leeds,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Màmá mi, òṣèré mi,

Igbe tí mo ké, Dámiláre sá jáde láti balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú! Ẹ dárí ọ̀rọ̀ ẹnu mi jì mí. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin.

Màmá, ẹ gbọ́dọ̀ lọ. Mo ti fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìyá Ahmad. Ẹ̀yin àti òun ni kí ẹ jọ lọ, kí ẹ wọ ọkọ̀ tó dára, kí ẹ jẹun ní Ìlọrin. Mo mọ̀ yín o. Ẹ má fi ra oògùn apakoríko. Ẹ má fi san owó ilé-ìwé ọmọ ẹnikẹ́ni. Bó ṣe pé ọwọ́ yín wà níbẹ̀, bó ṣe pé kò sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n. Èyí tí Ògúnjìnmí fi ń dójú tì yín láti ọdún tó kọjá yìí ti tó.

Ẹ kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.

Adépéjú yín.


Leeds,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Màmá,

Ẹ ò fèsì. Wọ́n ti ń fi sinimá náà hàn láti ọjọ́ mẹ́fà. Mo pe ìyá Ahmad, mo ní ṣé ẹ ti lọ. Ó ní, "Bi ìyá rẹ àgbà." Mo ní kó gbé fóònù fún yín, ó ní ẹ ti ní ẹ ò sọ̀rọ̀ lórí fóònù, pé kí n kọ ọ́. Mo ti ń kọ ọ́ nìyí.

Princess sọ fún mi pé ẹ ń ta èlùbọ́ tí ẹ tọ́jú de oṣù Kẹjọ. Kí ló dé? Ṣé ara yín ò yá? Ṣé ẹ ti fi owó náà ṣe ohun mìíràn? Màmá, iṣẹ́ àfikún ni mo ṣe kí n tó rí owó yẹn. Ó dùn mí. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí wọ́n gbé e kúrò.

Adépéjú.


Òsí,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Adépéjú ọmọ mi,

Má sunkún. Ara mi le, mi ò sì ná kọ́bọ̀ nínú owó rẹ síbi tí kò yẹ.

Wò ó, bí èmi àti Badirat nìkan bá lọ, tí a dé tí a ní a rí i, Ògúnjìnmí yóò ní a sùn sínú ọkọ̀, a jọ lá àlá kan náà. Àwa mẹ́tàlá la wà ní kíláàsì. Níwájú gbogbo wọn ni wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín. Ojú gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nítorí náà ni mo fi ta èlùbọ́. Owó rẹ àti owó èlùbọ́ ni mo fi fẹ́ san tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ìjọ yóò yá wa ní bọ́ọ̀sì wọn, a ó ra epo fún un, ó dínwó ju ọkọ̀ èrò lọ.

Àwọn mìíràn ti gbà. Ògúnjìnmí kọ̀. Mo sọ fún un pé èmi ni màá san tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kó kàn dá owó epo bí i ti gbogbo wa. Ó ní, "Kí n ná owó láti lọ wo ọwọ́ Fẹlíṣíà? Ọ̀fẹ́ ni mò ń wò ó ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ọjọ́bọ̀ tó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn gan-an ni bọ́ọ̀sì kò ní í níṣẹ́, ọjọ́ náà la ó lọ. Mo mọ̀ pé bí ọwọ́ mi kò bá sí níbẹ̀, ìwọ̀nyí náà ni yóò rí i pé kò sí. Oorun ò fi bẹ́ẹ̀ kùn mí. Gbàdúrà fún mi.

Ìyá rẹ àgbà.


Òsí,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró!

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́. Jókòó. Bí Bólúwatifẹ́ bá wà nítòsí, pè é wá.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo dé ìdí bọ́ọ̀sì, ta ni mo bá nínú rẹ̀? Ògúnjìnmí. Òun ló kọ́kọ́ dé. Ó wọ aṣọ àlejò, ó jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Mo ní, "Ṣebí ẹ ní ẹ ò lọ?" Ó ní òun fẹ́ lọ ra irin ní Ìlọrin. Mo ní ṣé ẹ máa sọ̀kalẹ̀ lọ́jà nìyẹn. Ó ní kí awakọ̀ máa lọ.

A dé ilé sinimá náà ní ọ̀sán. Wọ́n ní a ò lè gbé oúnjẹ wọlé. A ti din àkàrà, a sì ti se àgbàdo tuntun kún agbọ̀n kan. Badirat ní òun ò lè gbé oúnjẹ tì fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwa mẹ́rìnlá, pẹ̀lú tísà wa, ṣe jókòó sórí àtẹ̀gùn wọn tí a jẹ gbogbo rẹ̀ tán, tí a sì fún ẹni tó ní ká má wọlé ní àgbàdo méjì. Ó jẹ ẹ́.

Inú ibẹ̀ tutù bí ọyẹ́. Iná kú. Mo di ọwọ́ Badirat mú. Sinimá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń jà, wọ́n ń gun mọ́tò. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, ọwọ́ mi ni mò ń wá. Ó pẹ́, ó pẹ́. Ògúnjìnmí wúkọ́ lẹ́yìn mi, ó ní, "Èló lẹ san?" Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà nígbà tí ọwọ́ mi yọ.

Adépéjú, ọwọ́ mi tóbi ju ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Gbogbo ògiri ni. Àpá ọgbẹ́ tí àdá ṣá mi ní àtàǹpàkò òsì lọ́dún tí wọ́n bí ìyá rẹ, ó tẹ́ rẹrẹ lójú ògiri bí ọ̀nà oko. Iṣu yí lọ́wọ́ mi, èèpo ń jáde lọ́nà kan, kò já. Kò sí orin kankan, ìró ọ̀bẹ nìkan. Àwọn ọmọ Ìlọrin tí kò mọ̀ mí rí na ọrùn síwájú, wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ń bó iṣu. Badirat dìde dúró nínú òkùnkùn. Ó kígbe, "Ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn! Èmi ni mo bá a di àtàǹpàkò yẹn!" Wọ́n ní kó jókòó. Kò jókòó.

Mo yíjú wo ẹ̀yìn. Ògúnjìnmí ti ṣí fìlà.

Nígbà tó parí, iná tàn, àwọn ènìyàn dìde, wọ́n ń lọ. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú ògiri. Mo ní kí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì wa má dìde. O mọ̀ pé bí ohun kíkà bá ti wà níwájú wa, Fikáyọ̀ ti kọ́ wa láti kà á sókè papọ̀. Kò pàṣẹ fún wa o, ṣùgbọ́n ẹnu wa ti là. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Ẹni tó gbé iná, a kà á. Ẹni tó ran aṣọ, a kà á. Ẹni tó wa mọ́tò, a kà á. Èyí tó bá sáré jù, a ka ìdajì rẹ̀. Ọmọbìnrin kan mú ìgbálẹ̀ wọlé, ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ó ti tán." Mo ní, "Ọmọ mi, kò tíì tán, ìwé ṣì ń bọ̀." Àwọn tó ń lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá.

Mo wá rí i. Láti ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti ń bọ̀, mo rí F. Gbogbo kíláàsì dákẹ́, wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi. Èmi nìkan ni mo kà á. Ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ ni "Ọwọ́ Ìyá Àgbà", orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni Fẹlíṣíà Ilésanmí. Mo kà á sókè bí ẹni tó ń ka Bíbélì ní ọjọ́ Àjíǹde. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, tí kò mọ A títí di ọdún méjì sẹ́yìn! Àwọn ọmọ tó wà ní ẹnu ọ̀nà pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin náà gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Fikáyọ̀ ń sunkún, ó ń fi àpamọ́wọ́ bojú.

Ògúnjìnmí wá síwájú. Ó ní, "Fẹlíṣíà, ó yára jù. Mi ò kà á tán." Ó kọjú sí ọmọbìnrin náà, ó ní kí wọ́n dá a padà. Ọmọbìnrin náà ní kò ṣe é ṣe, bàbá, ẹni tó bá fẹ́ tún un wò yóò san owó mìíràn ni. Ògúnjìnmí ki ọwọ́ bọ àpò, ó kó owó irin jáde. Ó ní, "Èló ni?" Ọlọ́run gbọ́, Adépéjú! Àwa yòókù lọ dúró dè é nínú bọ́ọ̀sì. Wákàtí méjì. Nígbà tó jáde, ó ní òun ti ka gbogbo rẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni yóò san gbèsè gbogbo ẹ̀rín tó ti fi mí rín, torí mo ti ní kí Fikáyọ̀ jẹ́ kó kọ orúkọ mi sójú pátákó.

Ìyá kan tó ní ilé oúnjẹ ní Ìlọrin gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tẹ̀ lé wa dé ìdí bọ́ọ̀sì. Ó ní èlùbọ́ tí ọwọ́ yẹn ṣe ni òun fẹ́. Àpò mẹ́rin ló ní kí n bá òun ṣe, ó sì ti san owó àpò méjì sílẹ̀.

Nítorí náà, mo ti yọwọ́ nínú ẹjọ́ tí mo bá ọ rò. Lílọ sinimá tó owó rẹ̀. Wíwálé ni mi ò tíì yọwọ́ níbẹ̀, ìyẹn ṣì wà nílẹ̀ fún ọ.

Fikáyọ̀ ní wọn yóò fi sinimá náà hàn lọ́dọ̀ yín ní oṣù Kẹjọ. Lọ gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́. Kí Dámiláre wọ aṣọ tó dára. Jẹ́ kí Bólúwatifẹ́ jókòó síbi tí orí ẹnikẹ́ni ò ti ní í dí i lójú, kí ó sì rí ọwọ́ ìyá ìyá ìyá rẹ̀. Abdulqoyyum, àbúrò Badirat ní Ìlọrin, yóò ṣẹ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì yín sí pọ́n-ùn, yóò fi ránṣẹ́ sí ọ lọ́jọ́ Ajé. Má dá a padà, mi ò ní í gbà á. Èmi Fẹlíṣíà Ilésanmí ni mo fi ránṣẹ́, láti inú iṣẹ́ ọwọ́ mi: ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà.